Màmá Mi Kì Í Fi Téèpù Wọn Ènìyàn

Màmá mi kì í fi téèpù wọn ènìyàn. Tí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní yàrá iwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ pé o fẹ́ rán bùbá, yóò ní kí o dìde dúró. Yóò wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní kí o kẹ̀yìn sí òun, yóò ní kí o tún kọjú sí òun. Ó tán. "Máa lọ, ó di ọjọ́ Jímọ̀." Kò ní kọ ohunkóhun sílẹ̀. Tí aṣọ náà bá sì jáde, yóò bá ọ mu wẹ́kú. Fírí-hàndì ni àwọn télọ̀ ń pè é: kò sí pépà, kò sí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ojú ló ń wọ̀n, ọwọ́ ló ń gé. Àwọn kan wà ní ọjà Aswani tí wọ́n ń yangàn pé àwọn ń gé fírí-hàndì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo abẹ́ tábìlì wọn, ẹ ó bá téèpù níbẹ̀. Màmá mi ò ní rárá. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe, ṣé ojú òun fọ́ ni.

Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ wa. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún kiri. Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Industrial Estate, wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi mú, ọ̀gá wa gan-an máa ń rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá mi ti sọ mí di ẹni tó ń jókòó sórí páálí nígbà ìsinmi, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láìmọ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbé. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àgbà máa ń gbàgbé nǹkan. Ká ní orúkọ èèyàn ló kọ́kọ́ ń ṣì pè ni, tàbí kó gbé omi kaná kó gbàgbé rẹ̀, à bá ti fura. Aṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ta bàtà ní Bọ́ládé gbé léèsì olówó ńlá wá, ó fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Màmá mi wò ó bó ṣe máa ń wo ènìyàn, ó gé aṣọ, ó rán an. Ọjọ́ tí obìnrin náà wá gbé e wọ̀, aṣọ ò kọjá èjìká. Ó fà á, a bá a fà á, síìpù ya. Ó figbe bọnu pé wọ́n ti ba òun láyé jẹ́. Èmi ni mo gbèjà màmá mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín nínú dígí, mà. Ẹ ti sanra. Ṣé télọ̀ ló ń fún yín lóúnjẹ ni?" Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Obìnrin náà kó léèsì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ, kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, màmá mi jókòó sídìí máṣíìnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe gé e." Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Òótọ́ ló sọ, èmi ni mi ò gbọ́ ọ yé. Obìnrin náà ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ látìgbà tó ṣì wà ní sísí, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí màmá mi rí níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wá ń wọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó rán apá ọ̀tún méjì mọ́ bùbá kan. Ó gé ṣòkòtò fún ọkùnrin kan tó ní kó bá òun rán agbádá. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ ra òwú ní Aswani, ọ̀nà tó lè fi ẹ̀yìn rìn, títí di ìrọ̀lẹ́ a ò rí i. Níwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Òṣòdì la ti bá a. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn, ó ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé òun ń dúró de ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Nígbà tó rí mi, ó ní kí n wá jókòó, ọkọ̀ ò ní pẹ́ kún. Mo jókòó tì í. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwa méjì péré ni màmá bí, tíṣà ni ní Ìsẹ́yìn, ìlú wa. Ó ní kí n gbé màmá wá sílé kíá. Èmi ò gbà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Wọ́n á mú un jókòó sí yàrá kan, wọ́n á máa gbé oúnjẹ fún un bí àgbò iléyá, wọ́n á ní ó ń sinmi. Kò ní í rí máṣíìnì, kò ní í rí aṣọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é." Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá kan nìyẹn, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó jẹ́ pé ọpọlọ àwọn àgbà ni iṣẹ́ rẹ̀.

Dókítà gbé pépà àti bírò fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya aago." Màmá mi wò ó. Ó ní, "Télọ̀ ni mí, ọmọ mi. Àwọn tó ń tún aago ṣe wà ní Òṣòdì." Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó bi í pé ọdún wo la wà, màmá mi ní kó bi mí. Ó bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀, ó ní oúnjẹ ni. Lẹ́yìn náà ni màmá mi ká pépà tí kò ya aago sí yẹn sí méjì, ó na ọwọ́ sí dókítà. Èmi mọ ohun tó ń tọrọ. Wọ́n bá a wá sísọ́ọ̀sì. Ó gé apá bùbá jáde nínú pépà náà láì dáwọ́ dúró, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba bí ẹni pé ẹ̀rọ ló gé e. Dókítà gbé e sókè, ó ń wò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó mú mi jáde síta, ó sọ fún mi pé iyè màmá ti ń rà, pé ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ogbó lásán. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Mo ní irọ́ ni, nítorí màmá mi ń ránṣọ fún gbogbo Ìsọlọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní, "Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ rí i nìyẹn, àǹtí." Ó wá bi mí léèrè ohun tí àwọn awakọ̀ máa ń ṣe tí Agége Motor Road bá dí. Mo ní wọ́n á gba inú àdúgbò. Ó ní ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dá àrà, tó ń ránṣọ, tó ń gbẹ́ igi, tó ń kọ orin, ọ̀nà inú àdúgbò pọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí títì bá dí, á gba ibòmíràn dé ibi tó ń lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ò ní mọ̀ pé títì ti dí. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀nà inú náà bá dí, gbogbo rẹ̀ á dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó sọ fún mi pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe ìwádìí lórí irú wọn: àwọn tó ń fi ọwọ́ dá nǹkan, bóyá ọpọlọ wọn máa ń pẹ́ kó tó juwọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí màmá wà lára rẹ̀, àwọn á máa wá wò ó nílé. Mo bi í pé, "Tí ẹ bá ṣèwádìí tán, ṣé á sàn?"

Ó ní, "Rárá, mà. Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Ṣé aṣọ rírán á jẹ́ kó dúró bó ṣe wà?"

Ó ní àwọn ò tíì mọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń dáàbò bo ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ tó ti le láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń yan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé àwọn wo ni wọ́n kàwé tó báyìí tí wọn ò mọ èyí tó ṣáájú èkejì. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ síwèé. Ẹni tí omi ń gbé lọ ni mí lọ́jọ́ yẹn, kí ni mi ò ní dì mú?

Láti ọjọ́ náà, mo gbé ìrètí mi lé orí sísọ́ọ̀sì. Ẹnu tí dókítà fi sọ pé àwọn ò tíì mọ̀, ibẹ̀ ni mo gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí. Tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, màá gba Aswani, màá ra àgékù aṣọ, màá gbé e síwájú màmá mi. "Màmá, ẹ gé e." Bó bá ní ó ti rẹ òun, màá ní kò tíì rẹ̀ yín. Bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀, màá gbé e dìde. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo iná àbẹ́là nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tó bá gé nǹkan tó ṣeé wọ̀, mo ń sùn. Ọjọ́ tó bá bà á jẹ́, màá máa yí àgékù náà wò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Sísọ́ọ̀sì náà kò wá mọ ààlà mọ́. Ó gé kọ́tìnì. Ó gé híjáàbù ìyá tó wà ní yàrá kejì, tí wọ́n sá sórí okùn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó gé yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi ní ọrùn, mo fi píìnì dè é lọ síbi iṣẹ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wá gé ara rẹ̀ ní ìka, tí ẹ̀jẹ̀ dà sórí tábìlì, kò sunkún, ó kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní ta ló da àró sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Gba sísọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ màmá."

Mo ní, "Tí mo bá gbà á, kí ló kù?"

"Ẹ̀mí rẹ̀ ló kù. Ọjọ́ wo lo fẹ́ kí tíréélà pa á lójú ọ̀nà yín yẹn? Ìwọ wà níbi iṣẹ́, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Àwọn ọmọṣẹ́ ti lọ tán nígbà yẹn, obìnrin yàrá kejì ni mò ń bẹ̀ kó máa bá mi yọjú sí i, híjáàbù rẹ̀ tí màmá gé sì ti bà á nínú jẹ́. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Òótọ́ náà ni mi ò fẹ́ gbọ́, mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Dókítà wá wò ó bó ṣe máa ń wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kan á dúró níwájú màmá, màmá á gé aṣọ fún un, dókítà á sì fi fóònù ya fídíò ọwọ́ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó ti gé bùbá fún dókítà fúnra rẹ̀, dókítà sì wọ̀ ọ́ lọ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, bùbá tó gé fún un ò ní ihò ọrùn. Dókítà ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kì í tètè lọ, bí a ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú, bí a ṣe ń rán etí aṣọ. Ohun tó ń ṣòro ni kó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ lónìí, kó fi dá nǹkan tí kò tíì sí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọnà wà.

Mo bi í pé, "Ṣé kò rí mi mọ́ ni?"

Ó ní, "Ó ń rí yín, mà. Ohun tó ń rí nínú yín ni mi ò lè sọ."

Ó ti pẹ́ tí màmá mi ti pe orúkọ mi kẹ́yìn nígbà náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé orúkọ ló sọnù, pé ojú rẹ̀ ṣì mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ dókítà yìí wọ̀ mí lára, kò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè, tó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé wá gbé màmá, pé òun ti tọ́jú ọkọ̀, mi ò jà. Mo kàn bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá ra aṣọ. Màmá á wò mí, á gé e, á rán an. Tó bá bá mi mu, ẹ fi màmá sílẹ̀ fún mi, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá jókòó tì í. Tí kò bá bá mi mu, ẹ gbé e máa lọ, mi ò ní í sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ṣé aṣọ lo fẹ́ fi pinnu ọ̀rọ̀ ìyá wa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì lè fi ojú wọ̀n mí, ó ṣì mọ̀ mí. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bi màmá mi léèrè.

Mo ra àǹkárá tó dáa, aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé, ó kí màmá, màmá bi í pé ṣé àlàáfíà ni àwọn ará ilé rẹ̀ wà, bí ẹni ń kí àlejò. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí itan. Mo ti di ẹrù màmá sínú báàgì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, torí àdéhùn ni àdéhùn. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo gbé sísọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá dúró níwájú màmá.

Ó kọ́kọ́ ń fọwọ́ pa aṣọ lára. Mo ní, "Màmá, ẹ wò mí." Ó gbójú sókè. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń rí i bó ṣe ń fi wo àwọn ènìyàn, mo sì ti rò pé mi ò ní í rí i mọ́ láyé. Ó ní kí n kẹ̀yìn sí òun. Ó ní kí n kọjú sí òun. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ti jókòó ṣinṣin. Màmá mi mú sísọ́ọ̀sì, ó sì wọ inú aṣọ lọ láì ṣiyèméjì, ó ń yí aṣọ, ó ń gé, ó ń fi ẹnu gé òwú. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn. Mo ń gbàdúrà, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń ṣèlérí oríṣiríṣi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wo ọwọ́ màmá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nígbà tó parí, ó gbọn òwú kúrò lára aṣọ, ó gbé e sókè ní èjìká méjèèjì kí a lè rí i. Aṣọ náà ò ní àbùkù kankan. Ó ṣẹ́ aṣọ wẹ́wẹ́ sí etí ọrùn, ó fẹ apá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fẹ ẹ́ láyé ìgbà kan, ó ṣe bẹ́líìtì tí wọ́n ń so lẹ́yìn. Àrà tí mi ò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni. Ó sì kéré. Ọmọ tí kò tíì ju kíláàsì kìíní lọ ló lè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bo ojú.

Màmá mi yíjú sí mi. Inú rẹ̀ dùn, mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ̀rọ̀ sí mi bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ dúró fún mi, mà. Ẹ bá mi pe ọmọ mi wọlé, kó wá gbé e wọ̀. Ó wà níta níbẹ̀ yẹn, ó ń ṣeré."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé yóò ní ó tó, pé kí a máa gbé ẹrù. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Lọ pè é."

Mo kọjá lára báàgì, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì pe orúkọ ara mi. Mo gbọ́ ohùn màmá mi nínú ilé, ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má bínú, pé ọmọ òun kì í tètè gbọ́ ìpè tó bá ti ń ṣeré. Mo tún pè é.